Ìgbálẹ̀ Inú Etí Bàbá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, àwọn ará ilé wa á sọ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, òjò ti ń ṣú. Bàbá àgbà mi, bàbá tó bí ìyá mi, dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ṣàdédé ni Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹní mú, ó figbe ta: "Láyí! Ilé ń yí! Ilé ń yí o!"

Ẹ mọ ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa. Tí òjò bá ti rọ̀ débi tó rọ̀ dé lọ́dún náà, ògiri kì í kìlọ̀ kó tó wó. Bí mo ṣe gbọ́ pé ilé ń yí, mi ò wo òkè, mi ò wo Bàbá. Mo sáré. Mo fo abọ́ ẹ̀wà tí ìyá kan ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bọ́ sí títì, mo dúró sí iwájú ilé kejì, mo káwọ́ lérí, mo ń retí kí ilé wó. Ilé ò wó. Adìẹ kan ń jẹ̀ kiri lábẹ́ fèrèsé Bàbá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láyé. Nígbà tí ìtìjú wá pọ̀ ju ìbẹ̀rù lọ, mo yọ́ padà wọlé. Bàbá ṣì wà lórí ẹní, ó di ojú pọ̀, òógùn bò ó. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Kò lajú. Ó ní, "Láyí, ṣé ó ti wó tán?"

Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà o. Mo ní ọmọ tó ga jù mí lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Ọ́ńkù.

Bàbá ti kú báyìí, mo sì ń kọ èyí bí ẹni tí wọ́n gbá létí tí kò tíì mọ ẹni tó gbá a. Kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi di orí rẹ̀ mú, tí mo sì yí i, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó jókòó, ó wọ agbádá, ó jáde, ó padà dé, ó jókòó lórí àga, ó sì kú. Ìyá Rónkẹ́, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba, wo ojú mi láàárín àwọn tó wá kí wa. Ó ní, "Ìwọ lo fi ọwọ́ rẹ lọ́ bàbá mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa Bàbá níbí, abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ òrùlé ni Bàbá ṣe jẹun. Tí ẹ bá dúró lórí òkè Mapo tí ẹ wo ìsàlẹ̀, gbogbo páànù tó ti dógùn-ún wọ̀nyẹn, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrúnkà, ó máa ń sọ fún àlejò pé òun mọ èyí tó ń jò nínú wọn, òun sì mọ ẹni tó kàn án. Kì í ṣe òun rí. Ìṣó ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ bí obì, ó sì lè fi ìṣó lẹ́nu bá ènìyàn jà kí ẹyọ kan má já bọ́. Lórí ilẹ̀, ó máa ń fẹsẹ̀ kọ àpótí. Lórí góńgó òrùlé, ó ń rìn bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí mo fi ìwé sílẹ̀, tàbí tí ìwé fi mí sílẹ̀, ìyá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ní irùngbọ̀n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo gun òkè dé góńgó, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àtàrí obìnrin kan tó ru igbá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo dì mọ́ páànù bí alángbá. Bàbá ò pariwo. Ó wá jókòó tì mí, ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìjà kan tí àwọn àna rẹ̀ jà nítorí ewúrẹ́. Ó ń sọ ọ́, ó ń fà mí díẹ̀díẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti kan àkàbà. Ìgbà tí a délẹ̀ ló sọ pé, "Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń gbé ènìyàn dúró, Láyí. Nǹkan kan wà nínú orí tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà fún ẹsẹ̀."

Kò mọ orúkọ nǹkan náà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì padà síbẹ̀ láti béèrè. Táyà ni mo ń tà ní Mólété títí di òní. Táyà kì í gun òkè.

Ìjà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó dun Bàbá dénú, òun àti Mọ́gàjí agbo ilé wa, olórí gbogbo ẹbí. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ jí máńgòrò ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyè ti dé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá kì í fi ṣeré. Ní gbogbo ìpàdé ẹbí, á nà gbalaja lórí ilẹ̀ àgbàlá, àyà á kan ilẹ̀, á yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, á tún yí i sósì, bí àwọn ará àtijọ́. Àwa ọmọ ìsinsìnyí kàn ń tẹ̀ kọ̀rọ̀, a ti ń dìde. Mọ́gàjí á ní, "Dìde ńlẹ̀, olè máńgòrò." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ọjọ́ kan, Bàbá tẹ̀ ba díẹ̀, ó fi ìka kan kan ilẹ̀, ó sì lọ jókòó. 

Mọ́gàjí ní, "Ṣé ilẹ̀ mi ti gbóná ni?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Mọ́gàjí."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ilé Mọ́gàjí rí Bàbá tó gbé garawa omi kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀yìn wo ló ń dùn tó ń gbé omi? Ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iléyá dé, ẹran Mọ́gàjí ò dé ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹran yẹn ò pa ọdún kan jẹ rí, bí a tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́. Bàbá jẹ ọbẹ̀ ẹja lọ́jọ́ náà.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé òòyì ló ń kọ́ ọ. Tó bá ti dùbúlẹ̀, tó bá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó bá gbójú wo òkè, ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Báwo ló ṣe wá máa dojú bolẹ̀ kó tún yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú gbogbo ẹbí? Mo ní kó sọ fún Mọ́gàjí. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó lọ rìn níhòòhò ní Bẹẹrẹ. Ó ní, "Ó sàn kó pè mí ní agbéraga ju kó pè mí ní akanrùlé tí òòyì ń kọ́."

Ìyá Rónkẹ́ ní ayé ni. Ó ní ẹnì kan ló fi òkúta ta á. Ó gba òróró àdúrà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wòlíì rẹ̀, ó ní kí Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dà á sí i létí. Ayé yí Bàbá dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó rọlẹ̀, tí òróró ń kán sí èjìká rẹ̀, ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ṣé o fẹ́ din etí mi ni?"

Bọ́sẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló bá wa tú u. Ilé ìwòsàn kan lókè odò ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yẹ etí ènìyàn wò. Ó dé, ó mú Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí orí rẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì dá a dùbúlẹ̀ wéréwéré. Mo rí ojú Bàbá. Ẹyin ojú rẹ̀ ń sáré lọ, ó ń fò padà, ó ń sáré lọ, ó ń fò padà, bí ẹyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ inú àgò. Mo rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé mo gbé nǹkan kaná, mo sì jáde. Mi ò dáná láti àárọ̀.

Ìgbà tí mo padà, Bọ́sẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo ti rí i. Òkúta ni."

Ìyá Rónkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Mo wí àbí mi ò wí? Òkúta tí wọ́n ta á!"

"Rárá o, Màmá. Òkúta tirẹ̀ ni. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

A ò lóye. Bọ́sẹ̀ bá ní ká fún òun ní ìgbálẹ̀, òwú ìránṣọ, agolo mílíìkì tó ṣófo, ẹ̀kọ tútù, àti gààrí ẹ̀kúnwọ́ kan. Bàbá ní ṣé ètò ẹbọ ni. Ó ní kí Bàbá ṣáà máa wòran.

Ó bu amọ̀ rírọ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi kún agolo. Ó ṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń gún wọn mọ́ amọ̀ ní ìlà-ìlà: ìlà àkọ́kọ́ kúrú, èyí tó tẹ̀lé e ga díẹ̀, òmíràn tún ga jù ú lọ, bí àtẹ̀gùn. Ní ẹ̀yìn pátápátá, létí agolo, ó gún ẹyọ kan ṣoṣo tó ga ju gbogbo wọn lọ. Ó wá fi òwú so orí èyí tó kúrú mọ́ ara èyí tó ga jù ú lọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé òkè.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Irú èyí pọ̀ lọ jàra nínú etí yín, níbi tó jìn sí ihò tí ẹ ń fọ̀, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Irun ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe irun bíi ti orí." Bàbá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. "Agolo yìí ni ara rẹ̀. Ti àwọn kan rí rogodo nísàlẹ̀ bí akèrègbè, iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ á sì gbé wọn jókòó bí ife. Ti àwọn kan gùn tẹ́rẹ́ bí agolo, ẹnu iṣan kàn ń fara kàn wọ́n nísàlẹ̀ ni."

Ó fi ìka ti àwọn ìgbálẹ̀ náà síhà èyí tó ga jù. Gbogbo òwú le. "Orí òwú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tín-ín-rín kan. Tí òwú bá ti fà á, ilẹ̀kùn ṣí, iyọ̀ inú omi etí wọlé, agolo á sì pariwo sí iṣan." Ó tì wọ́n padà síhà èyí tó kúrú. Òwú dẹ̀. "Ilẹ̀kùn tì, ó dákẹ́."

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án ńkọ́?" Bàbá ló béèrè. Ó ti sún mọ́ ọn débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ agolo.

"Á máa kùn jẹ́jẹ́, Bàbá, bí ẹni tó ń kọrin sínú lẹ́nu iṣẹ́. Kì í dákẹ́ pátápátá. Tó bá gbóhùn sókè, ọpọlọ á mọ̀ pé orí yí síbí. Tó bá rẹ ohùn sílẹ̀, orí yí sọ́hùn-ún nìyẹn. Ti etí kejì náà á jẹ́rìí sí i."

Ó wá tú ewé ẹ̀kọ, ó gbé ẹ̀kọ lé orí àwọn ìgbálẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ó wọ́n gààrí sí i lórí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n wà nínú àpò kékeré méjì tó wà létí: irun nísàlẹ̀, nǹkan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ lórí wọn, òkúta wẹ́wẹ́ lórí ẹ̀kọ kó lè wúwo. Ó gbé agolo dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ yọ̀, ó fa ìgbálẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. "Báyìí ni ẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí òrùlé, kí ojú yín tó sọ fún yín."

Mo rántí ohun tó sọ fún mi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

"Àmọ́ ọ̀nà omi mẹ́ta tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò yẹn," Bọ́sẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Irun wà níbẹ̀ náà, wọ́n ki orí bọ inú nǹkan rírọ̀, ṣùgbọ́n òkúta kì í sí níbẹ̀. Omi ni wọ́n ń dúró dè, tórí bá yí kí omi wá tì wọ́n. Lára gààrí yín ló ti bọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀, gààrí á yí gbirigbiri, á ti omi, omi á ti irun, irun á pariwo pé ẹ ń pòòyì. Ojú yín ní rárá, ilé dúró. Àwọn méjèèjì á wá máa jà lórí yín."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Gọ́tà mi ló dí."

"Gọ́tà yín ló dí, Bàbá."

"Àwọn irun yẹn, tó bá ṣẹ́, ṣé ó ń hù padà?"

"Ti adìẹ máa ń hù padà. Ti ènìyàn, èyí tó bá ti kú kì í sábà hù mọ́. Ọjọ́ ogbó máa ń dín wọn kù."

"Adìẹ!" Bàbá wò mí. Mo mọ adìẹ tó ń rò. "Orí mi pá lóde, ó tún fẹ́ pá nínú."

Ó gbọn gààrí orí ẹ̀kọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ̀kọ tẹ̀lé e. Ìyá Rónkẹ́ figbe bọnu. Bàbá nu ẹnu. Ó ní, "Mo ti jẹ etí mi. Ẹran Mọ́gàjí ló kù."

Bọ́sẹ̀ fi yíyí orí da òkúta yẹn padà. Á dá a dùbúlẹ̀, á dúró, á yí orí sí ìhà kejì, á dúró, á yí gbogbo ara tẹ̀lé e, á wá gbé e jókòó. Ó ní ó lè tún bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí náà kí ẹnì kan nínú ilé kọ́ ọ. Ìyá Rónkẹ́ ní òun ò ní fọwọ́ kan orí bàbá òun. Gbogbo ojú bá kọ sí èmi, akin ilé. Elégédé ni mo fi kọ́ ọ. Bàbá jókòó, ó ń wò mí. Ó ní, "Rọra, Láyí. Elégédé yẹn ní ọmọ-ọmọ."

Òòyì náà padà ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Agbádá funfun ti wà lórí àga, ó ti lọ̀ ọ́.

"Yí i, Láyí. Mo ní ibi tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí lónìí."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe Bọ́sẹ̀."

"Ṣé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n ni?"

"Ó ń gbọ̀n, sà."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ṣáà má sá lọ."

Mi ò sá lọ. Mo yí i. Ẹyin ojú rẹ̀ sáré, ó fò, ó sáré, mo sì di orí yẹn mú bí ẹni tó gbé ẹyin awó lọ́wọ́, títí ojú fi rọlẹ̀. Mo yí i síhà kejì, mo yí ara rẹ̀, mo gbé e jókòó. Ó la ojú, ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó tún wo àjà. Ó ní, "Ilé ti dúró."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Mo lọ sí Mólété, inú mi ń dùn bí ẹni tó gun òkè òrùlé tí kò já. Táyà ni mo ń tì lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù. Kò sọ ju "Máa bọ̀" lọ.

Ó wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbádá lọ́rùn, fìlà dúró ṣánṣán. Mo pè é. Mo tún pè é. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi rìn níbi tí àwa ń fi àyà fà, kò já bọ́ rí. Àga tí kò ga dé orúnkún ló ti lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n á ní ká padà wá, pé àṣìṣe ni.

Eruku pupa wà ní àyà agbádá náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, Ìyá Rónkẹ́ sì rí i pé mo rí i.

"Ó ṣubú lọ́nà," ó ní. "Òòyì yẹn gbé e ṣánlẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wá kú sílé. Ìwọ lo fi ọwọ́ rẹ lọ́ bàbá mi lọ́rùn."

Dókítà ní ọkàn Bàbá ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ ogbó ni. Bọ́sẹ̀ sunkún lórí fóònù, ó ní, "Ọ́ńkù, yíyí orí yẹn ò lè pa ènìyàn." Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó kọ́ mi? Eruku sì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí Bàbá nípàdé lọ́jọ́ náà. Ìyá Rónkẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n fọ agbádá náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pamọ́ sápò tí mo bá ń kí àlejò.

Ọjọ́ kẹta ni Mọ́gàjí wá, ó ń tẹ ọ̀pá. Wọ́n ní kò jẹun láti ìgbà tó ti gbọ́. Ó jókòó, ó wo àga Bàbá títí. Ìyá Rónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì sáré wọlé, ó gbé agbádá jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ Mọ́gàjí. "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí ṣe, Mọ́gàjí. Ẹ wo ibi tí bàbá mi ṣubú sí."

Mọ́gàjí fi ìka pa eruku náà. Ó gbé ìka sójú, ó wò ó. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pa pọ̀.

"Ilẹ̀ àgbàlá mi nìyí," ó ní. "Kò ṣubú síbì kankan. Ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo jókòó. Ó wọlé, kò sọ̀rọ̀, ó nà gbalaja. Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mo ní, dìde ńlẹ̀, olè máńgòrò. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé òun ṣì ń gbádùn ilẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbá a dànù, ó dá dìde. Ó tún gbójú sókè, ó ní páànù mi kan ti ṣí, kí n wá ẹni gidi tó máa kàn án, ó sì padà lọ sílé kí ẹnikẹ́ni tó dé."

Mọ́gàjí ká agbádá náà, ó gbé e fún mi, kì í ṣe fún Ìyá Rónkẹ́. Mo yọ ọwọ́ méjèèjì lápò, mo gbà á.

"Fi Láyí sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí," ó sọ fún un. "Ẹni tí wọ́n lọ́ lọ́rùn kì í dọ̀bálẹ̀ kó tún dá dìde."